Wágọ́nù Kékeré: Bí A Ti Ń Kàn Án, Bí A Ti Ń Kùn Ún, àti Ohun Tí A Ń Kọ Sí I Lára

Bí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù bá ń kọjá lọ, àwọn ọmọdé a máa ka iye ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì fà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń ka ohun tí a kọ sí ara ọkọ̀ wọ̀nyí. Ìwé kíkọ pọ̀ lára wọn: orúkọ ẹni tí ó ni ín, nọ́ḿbà rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ nígbà tí ó ṣófo, ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé, àti nígbà mìíràn, orúkọ ibùdó tí a gbọ́dọ̀ dá a padà sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kọ fún ẹwà lásán.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí ni kíkan àwòṣe ọkọ̀ ẹrù ojú irin ní kékeré, kíkùn ún ní ọ̀dà, àti kíkọ lẹ́tà sí i lára. Wágọ́nù ni a ó máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ ẹrù wọ̀nyí, nítorí orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé ni a fẹ́ sọ. Lóòótọ́, láti inú ohun ìṣeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Frank Hornby, ará Liverpool, gba ìwé àṣẹ ní 1901 fún ohun ìṣeré onírin tí a wá mọ̀ sí Meccano lẹ́yìn náà. Ní 1920 ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin kékeré, nígbà tí ó sì di 1938 wọ́n mú èyí tí ó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, tí wọ́n pè ní Hornby Dublo. Ṣùgbọ́n lónìí àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn ẹlòmíràn nínú wọn sì lè lo oṣù kan gbáko lórí wágọ́nù kan ṣoṣo tí kò gùn tó ìka ọwọ́.

ÀWỌN TÍ Ó NI WÁGỌ́NÙ

Kí a tó ṣe àwòṣe ohun kan, ó yẹ kí a mọ ohun náà fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní ayé àtijọ́, èédú ni ó jẹ́ ẹrù pàtàkì jùlọ lórí ojú irin. Kì í sì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè nìkan ni ó ni wágọ́nù tí ń kó o. Àwọn tí ó ni ihò èédú ní tiwọn, àwọn oníṣòwò èédú ní tiwọn, àwọn ilé iṣẹ́ gáàsì náà ní tiwọn. Olúkúlùkù wọn a sì máa kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí ara pákó. Òmíràn dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun, òmíràn pupa, a sì ya òjìji sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà náà kí ó lè dàbí ẹni pé ó yọ síta. Ẹni tí ó bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ bọ́lẹ̀kájà ní ilẹ̀ wa yóò mọ irú ẹwà tí a ń wí.

Nígbà tí wágọ́nù ilé iṣẹ́ kan bá ń rìn lórí ojú irin ilé iṣẹ́ mìíràn, ta ni yóò gba owó? Ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́ lọ́nà? Ọ̀rọ̀ bí èyí ni ó mú kí a dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1842 tí a ń pè ní Railway Clearing House, èyí tí ó ń ṣírò owó láàárín àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ń fi òfin lélẹ̀ nípa bí a ó ti kan wágọ́nù. Àpẹẹrẹ tí ó jáde ní 1923 ni àwọn tí ń ṣe àwòṣe fẹ́ràn jùlọ: wágọ́nù onípákó tí ó lè gbé tọ́ọ̀nù 12, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 àti ínṣì 6, àlàfo tí ó wà láàárín àgbá iwájú àti àgbá ẹ̀yìn sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9.

Nínú gbogbo ohun tí a kọ sí i lára, èyí tí ó kéré jùlọ ni ó tún ṣe pàtàkì jùlọ. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun, ni a ó ti rí nọ́ḿbà mẹ́ta tí a fi ìlà kékeré pín níyà, bí àpẹẹrẹ 6-14-2. Ìwúwo wágọ́nù nígbà tí ó ṣófo ni èyí. Nọ́ḿbà kìíní ni tọ́ọ̀nù. Èkejì jẹ́ ìdá ogún tọ́ọ̀nù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wúwo tó pọ́ùn 112. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìdá mẹ́rin èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán yìí.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá gbé àpò kòkó sórí òṣùwọ̀n, a ní láti yọ ìwúwo àpò kúrò kí a tó mọ ìwúwo kòkó. Bí a bá yọ ju bí ó ti yẹ lọ, àgbẹ̀ ni ó pàdánù. Bí a bá yọ kéré, olùrà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ wágọ́nù èédú. A ó ti í sórí òṣùwọ̀n ńlá tí a tẹ́ sí ojú irin pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 18-9-2. A ó yọ 6-14-2 tí a kọ sí i lára kúrò, èédú tí ó kù yóò jẹ́ 11-15-0, iye yìí sì ni olùrà yóò san owó lé lórí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi pákó tuntun tí ó wúwo pààrọ̀ ti àtijọ́ ńkọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó tún nọ́ḿbà náà kọ? Ká ní ìwúwo rẹ̀ gan-an ti di 6-19-2. A jẹ́ pé èédú tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju 11-10-0 lọ. Olùrà ti san owó pọ́ùn 560 tí kì í ṣe èédú bí kò ṣe igi, èyí tí ó tó nǹkan bí kílógíráàmù 254. Bí wágọ́nù 40 bá rí bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, tọ́ọ̀nù 10 ni ó ti ṣòfò. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n fi ń wọn wágọ́nù ní òfìfo lóòrèkóòrè, tí wọ́n sì ń pa nọ́ḿbà àtijọ́ rẹ́ láti kọ tuntun. Ẹni tí ń ṣe àwòṣe tí ó bá kọ nọ́ḿbà èyíkéyìí tí ó wá sí i lọ́kàn sí ibẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ó ń ṣe.

Àmì mìíràn tí ó yẹ kí a mọ̀ ni ìlà funfun kan tí a fà ní ìdagẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè ní ẹ̀gbẹ́ wágọ́nù. Ìlà yìí ń tọ́ka sí orí ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn wà. Ní èbúté, a máa ń gbé ẹ̀yìn wágọ́nù sókè kí èédú lè ya gba ilẹ̀kùn orí náà jáde sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí òṣìṣẹ́ bá gbé orí tí kò ní ilẹ̀kùn sí ìsàlẹ̀, èédú kankan kò ní jáde. Àwọn kan máa ń fa ìlà yìí sí òdìkejì lára àwòṣe wọn nítorí pé ó dára lójú wọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo wágọ́nù aládàáni wọ̀nyí sí abẹ́ àkóso ara rẹ̀, iye wọn sì ju 500,000 lọ. Láti ìgbà náà wọn kò fi tọkàntọkàn kùn wọ́n mọ́. Ní 1948 tí gbogbo rélùwéè di ti ìjọba, a kọ nọ́ḿbà tuntun sí wọn lára, tí lẹ́tà P ṣáájú rẹ̀, orúkọ àwọn tí ó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ sì ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀ lára pákó tí òjò àti oòrùn ti pa. Nítorí náà wágọ́nù kan ṣoṣo lè ní ojú méjì: ní 1938 ó ń dán, orúkọ olówó rẹ̀ hàn kedere; ní 1950 ó ti di igi lásán tí a lẹ ègé ọ̀dà dúdú mọ́ níbi tí nọ́ḿbà wà. Kí a tó mú búrọ́ọ̀ṣì, a gbọ́dọ̀ ti mọ ọdún tí a ń ṣe àwòṣe rẹ̀.

ÒṢÙWỌ̀N

Òṣùwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí mìlímítà 4 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Wágọ́nù 1923 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yóò wá gùn ní mìlímítà 66, àlàfo àgbá rẹ̀ yóò sì jẹ́ mìlímítà 36. Ìṣirò yìí rọrùn. Ibi tí wàhálà wà ni ìbú ojú irin.

Ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 8 àbọ̀. Bí a bá fi mìlímítà 4 ṣírò rẹ̀, yóò jẹ́ mìlímítà 18.83. Ṣùgbọ́n mìlímítà 16.5 ni ojú irin kékeré tí a ń tà lọ́jà. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú irin náà wà ṣáájú, fún òṣùwọ̀n tí ó kéré díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ẹ́ńjìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, mọ́tò iná mànàmáná ìgbà náà kò gba inú rẹ̀. Wọ́n wá mú ara ẹ́ńjìnì tóbi sí i, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ bí ó ti wà. Láti ìgbà náà títí di òní, gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí dúró lórí ojú irin tí ó há jù fún wọn. Àwọn kan kò lè fara mọ́ àbùkù yìí, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ojú irin tí ó jẹ́ 18.83 gẹ́lẹ́. Ní tiwa, a kò dá àwọn tí ó rà á lọ́jà lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó dára kí ènìyàn mọ̀ pé àbùkù náà wà níbẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà nìyí. Ojú irin tí a ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 kò fẹ̀ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6 ni ìbú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ èyí tí a fi kún un títí dé Òkè Ọya. Ojú irin tuntun tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 2021, ni ó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Bí a bá wá lo òṣùwọ̀n tí ìdá mẹ́ta nínú ìdá 16 ínṣì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6 yóò di mìlímítà 16.67. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 16.5 mu pátápátá. Ojú irin ọjà kan náà tí ó há jù fún wágọ́nù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá wágọ́nù ojú irin àtijọ́ tiwa mu. Ní Ọsirélíà, ilẹ̀ New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà, níbi tí irú ojú irin wa yìí wà, àwọn oníṣẹ́ àwòṣe ti ń lo ọgbọ́n yìí.

Òṣùwọ̀n yìí tún ní àǹfààní kejì: rúlà ilé ẹ̀kọ́ tó fún un. Ẹ mú rúlà tí a pín ínṣì rẹ̀ sí ọ̀nà 16. Ìpín mẹ́ta dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìpín kan dúró fún ínṣì mẹ́rin. Pákó tí ó fẹ̀ ní ínṣì 8 yóò di ìpín méjì. Ilẹ̀kùn tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6 yóò di ìpín 18, èyí ni ínṣì kan àti ìpín méjì. Ọkọ̀ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 yóò di ínṣì 3 àti ìpín 12. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣírò rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Bí wágọ́nù kan bá wà ní ìdúró ní ibùdó rélùwéè tí ó wà nítòsí yín, ẹ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdó náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀ kalẹ̀ sójú irin láìgba àṣẹ, kí ó má sì ṣe rá sábẹ́ wágọ́nù rárá, ìbáà tilẹ̀ dàbí ẹni pé ó ti pẹ́ tí ó ti wà lójú kan. Ènìyàn méjì ni kí ó lọ, kí ọ̀kan di orí okùn ìwọ̀n mú, kí èkejì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn gígùn, ìbú, gíga, ìbú pákó kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀.

KÍKÀN ÁN

Àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ra wágọ́nù onike tí a ti gé sí wẹ́wẹ́ nínú páálí. Iṣẹ́ ti olúwarẹ̀ ni láti fi ọṣẹ fọ ike náà, kí epo tí ó wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ lè kúrò, kí ọ̀dà má baà bó lẹ́yìn náà. Láti fi ọ̀bẹ mímú gé e, kí ó fi fáìlì pa etí rẹ̀, kí ó sì fi omi àlẹ̀ ike tò wọ́n pọ̀. Òórùn omi àlẹ̀ náà kò dára fún ara, nítorí náà kí fèrèsé wà ní ṣíṣí.

Ṣùgbọ́n páálí àti igi ṣe é lò dáadáa. Ní Long Wittenham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Roye England dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon sílẹ̀ ní 1954, níbi tí a ti fi páálí kọ́ ilé àwọn ará oko ní kékeré pẹ̀lú irú ìtọ́jú tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn ń rìnrìn àjò lọ wò ó títí di ìsinsìnyí. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí páálí náà le, kí ọ̀bẹ sì mú. Ọ̀bẹ tí kò mú ni ó ń gé ènìyàn lọ́wọ́, nítorí pé a ní láti fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa gé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà irin dípò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti orí méjèèjì sórí páálí. Kí ẹ tó gé wọn, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa ìlà pákó sí i. Ẹ fà á kí ó wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gé e. Orí ìṣó irin tí ó yọ jáde lára wágọ́nù ńlá ńkọ́? Ẹ dojú páálí dé orí ìwé tí ó rọ̀, kí ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tí kò mú jù tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Yóò yọ bí ẹ̀sún ní iwájú. Iṣẹ́ sùúrù ni èyí, ó sì dára kí ẹ fi rúlà sàmì sí gbogbo rẹ̀ ṣáájú, nítorí bí ìlà ìṣó bá wọ́, ojú yóò rí i láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ẹ fi fánííṣì pa páálí náà ní ojú méjèèjì, kí ó lè le bí igi, kí ọ̀rinrin má sì wọ̀ ọ́.

Igi pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi ṣe ilẹ̀ wágọ́nù. Ara rẹ̀ ni ẹ ó lẹ ẹ̀gbẹ́ àti orí mọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi irin onígun tí káfíńtà ń lò wò ó bóyá igun kọ̀ọ̀kan gún kí àtè tó gbẹ. Ẹ̀yìn èyí ni a ó wá ṣe igi gbọọrọ méjèèjì tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó di àgbá mú. Àgbá ni ohun kan tí ó ṣòro láti fi ọwọ́ ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wágọ́nù rẹ̀ rìn lórí ojú irin ní láti ra àgbá onírin. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé orí tábìlì ni yóò gbé e sí lè lo bọ́tìnì ẹ̀wù tí ìwọ̀n rẹ̀ bá mu.

Bí àgbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wọlé, ẹ gbé wágọ́nù náà sórí dígí pẹlẹbẹ kan. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá kan dígí, ọkọ̀ náà yóò máa yẹ̀ kúrò lójú irin lójoojúmọ́, kò sì sí ọ̀dà tí ó lè wo àrùn náà sàn. Ẹ tún un ṣe nísinsìnyí. Ìwúwo náà ṣe pàtàkì. Bí wágọ́nù bá fúyẹ́ jù, èyí tí ó wà níwájú àti èyí tí ó wà lẹ́yìn yóò fà á ṣubú níbi tí ojú irin bá ti yí. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ gbà pé gíráàmù 25 lórí ọ̀pá àgbá kọ̀ọ̀kan tó, èyí ni gíráàmù 50 fún wágọ́nù ọlọ́pàá méjì. Ègé irin lásán sàn ju òjé lọ fún èyí, nítorí pé májèlé wà nínú òjé.

KÍKÙN ÚN

Ẹ rántí òṣùwọ̀n wa. Ìdá 64 ni gbogbo nǹkan fi kéré sí ti gidi. Ọ̀dà tí ó bá nípọn tó ìdá 64 ínṣì lára àwòṣe dúró fún ọ̀dà tí ó nípọn tó odidi ínṣì kan lára wágọ́nù ńlá. Ta ni ó ti rí irú rẹ̀ rí? Gbogbo ìlà pákó tí a fi ìyà fà ni yóò dí. Nítorí náà ẹ fi tápẹ́ńtáìnì la ọ̀dà òróró, kí ẹ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì tún un kùn. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú ni kí ó ṣáájú. Yóò fi gbogbo ibi tí fáìlì kò dé hàn yín.

Ní ti àwọ̀, ẹ tẹ̀lé ọdún tí ẹ yàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Great Western ń kun wágọ́nù rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tí ó ṣú. Ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní LMS ń lo àwọ̀ eérú títí di 1936, kí ó tó yí padà sí pupa ilẹ̀. Lẹ́yìn 1948, àwọ̀ eérú ni ti wágọ́nù tí kò ní bíréèkì tí awakọ̀ lè fi ẹ́ńjìnì darí, pupa ilẹ̀ sì ni ti èyí tí ó ní in. Inú wágọ́nù tí a ń kó èédú sí kì í ní ọ̀dà rárá: igi ni, tí èédú ti họ. Ẹ sì fi funfun díẹ̀ lú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọ̀ tí ó bá ohun ńlá mu máa ń ṣú jù lára ohun kékeré.

Nípa ìdọ̀tí àti ìpẹtà, a rọ̀ yín kí ẹ rọra. Èéfín ni ó ń dọ̀tí wágọ́nù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ wa, eruku pupa ni, ó sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń sún mọ́ ìsàlẹ̀. Àwọn kan a máa da ìpẹtà bo wágọ́nù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan dáadáa, títí tí kò fi ní sí ohun tí a lè rí lára rẹ̀ mọ́.

KÍKỌ LẸ́TÀ

Ẹ wo ọdún yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ó tó di 1912, Lagos Government Railway ni orúkọ rélùwéè tí ó ti Èkó wá. Ní 1912 ni a so ó pọ̀ mọ́ ti Baro sí Kano, tí wọ́n di Nigerian Railway. Ní 1955 ni ó di Nigerian Railway Corporation. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà mẹ́ta ti orúkọ ìkẹyìn yìí sára wágọ́nù tí ẹ sọ pé ti 1930 ni, irọ́ ni wágọ́nù náà ń pa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ kọ ọ́, kí ó fi pẹ́ńsù fa ìlà méjì fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kí ó wá ka lẹ́tà orúkọ náà, kí ó mọ èyí tí ó wà ní àárín gbùngbùn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀tún, kí ó tó padà wá láti àárín lọ sí òsì. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti òsì ni àyè máa ń tán mọ́ lọ́wọ́. Lẹ́tà M àti W gba àyè púpọ̀, I kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ojú ni kí a fi pín àyè àárín wọn, kì í ṣe rúlà. Lẹ́tà O ní láti kọjá ìlà lókè àti nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dàbí ẹni pé ó kéré ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tí ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ní ìlú wa mọ gbogbo èyí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà ní àdúgbò yín, ìṣẹ́jú 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò kọ́ yín ju ìwé yìí lọ. Ẹ bi í bí ó ti ń ya òjìji: apá kan náà ni òjìji gbogbo lẹ́tà gbọ́dọ̀ wà, bí ẹni pé oòrùn kan ṣoṣo ni ó tàn sí wọn.

Lẹ́tà tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan yóò di ìpín mẹ́ta lórí rúlà yín, ọwọ́ sì lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà ìwúwo òfìfo, tí gíga rẹ̀ bá jẹ́ ínṣì 4, yóò di ìpín kan péré. Fún irú èyí àwọn oníṣẹ́ máa ń lo lẹ́tà àlẹ̀mọ́ tí a tẹ̀ sórí bébà. Ẹ kọ́kọ́ fi fánííṣì tí ń dán pa ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ibẹ̀ bá rí hára-hàra, afẹ́fẹ́ yóò há sábẹ́ rẹ̀, yóò sì máa dán bí fàdákà. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á sí ipò rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi rẹ̀ jáde. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi fánííṣì tí kì í dán bò ó.

Ó wà nínú àṣà àwọn oníṣẹ́ yìí pé kí ènìyàn ṣe wágọ́nù oníṣòwò kan tí kò sí rí, kí ó sì kọ orúkọ ìlú tirẹ̀ sí i. A kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí ó kíyè sí àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ, àti ṣ, kí ó gbé lẹ́tà náà sókè díẹ̀, kí àmì náà má baà bọ́ sínú ìlà tí ó wà láàárín pákó méjì kí ó sì sọnù. Ìwúwo òfìfo rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó bá ọkọ̀ irú rẹ̀ mu: wágọ́nù onípákó tí ń gbé tọ́ọ̀nù 12 kì í wúwo ní tọ́ọ̀nù 2, kì í sì í wúwo ní tọ́ọ̀nù 15.

Ní abẹ́ wágọ́nù, níbi tí ojú kì í dé, ẹ fi pẹ́ńsù kọ òṣùwọ̀n tí ẹ lò, ibùdó tí ẹ ti wọn ọkọ̀ ńlá náà, nọ́ḿbà rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kan èkejì rẹ̀ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.